Kọ́tìnì Tàbí Ilẹ̀kùn Gíláàsì: Èwo Ló Yẹ Balùwẹ̀ Wa?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ fi dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa ní Sankaryaré, nílùú Wagadúgù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ojú ìwé yìí láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé tọkọtìyàwó ni àwa tí a ń kọ ọ́, ẹ sì mọ̀ pé a kì í sábà fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó bá ti la owó lọ. Ọ̀kan nínú wa ti rí ilẹ̀kùn gíláàsì nílé ọ̀rẹ́ kan ní Ouaga 2000, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti jẹ́ ká sinmi. Ìkejì ní kọ́tìnì rọ́bà tó wà níbẹ̀ ti tó, pé ká fi owó tó kù ra ìrẹsì sílẹ̀ kó tó wọ́n. Bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màmá ni, bóyá à bá ṣì máa jiyàn náà títí di òní.

Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti wẹ̀ tán, ó fẹ́ jáde, ni ẹsẹ̀ bá yọ̀ ọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ni kọ́tìnì, ó sì dì í mú. Ọ̀pá tí a fi gbé kọ́tìnì náà kọ́, irú èyí tó ní sípíríǹgì nínú tí wọ́n ń há sáàárín ògiri méjì láìkan ìṣó kankan, já wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òrùka rẹ̀. A gbọ́ ariwo, a sáré wọlé. Ọlọ́run yọ ọ́, ìdí ló fi jókòó sílẹ̀, egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mélòó kan kò lè gbé apá òsì sókè. "Mo rò pé ògiri ni," ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹwà ti kúrò lẹ́nu wa. Ìbéèrè tí à ń bi ara wa wá di pé: ta ni ń wẹ̀ níbẹ̀, báwo ni omi ṣe ń dé ibẹ̀, kí ni yóò sì wà nítòsí ọwọ́ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá tún yọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, tàbí tí ẹ fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó wò, nítorí kò sí ìkankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí tí àwọn ọlọ́jà bi wá nígbà tí à ń ná ọjà lọ́wọ́ wọn.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí omi. ONEA ló ń fún wa lómi ẹ̀rọ nílùú yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti dáàmù Ziga, tó fi nǹkan bí 50 kìlómítà jìnnà sí ìlú. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, nígbà tí oòrùn ń mú kọjá ìwọ̀n 40, gbogbo ìlú ló ń fẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan náà, agbára omi nínú páìpù a sì lọ sílẹ̀. Àwọn tó wà níbí ní 2016 kò ní gbàgbé bí a ṣe ń jí lóru láti ṣọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ yóò máa kán. Tí kò bá sí rárá, a ó ra barríìkì, ìyẹn àgbá 200 lítà tí àwọn ọmọ ń fi kẹ̀kẹ́ tì kiri àdúgbò. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣáwà di ohun ọ̀ṣọ́ lára ògiri. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike ìbomi ló ń ṣiṣẹ́. (Ẹ bá wa máa dé àgbá yẹn dáadáa o. Omi mímọ́ tí a tọ́jú sílé ni ẹ̀fọn tó ń kó ibà dẹ́ńgì ràn fẹ́ràn láti yé sí, ojú gbogbo wa ní Burkina sì rí màbo lọ́dún 2023.)

Ọjọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń tú àṣírí ilẹ̀kùn gíláàsì. Ọ̀kan nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni ilé gíláàsì kékeré tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ẹfun fa ilà ìwọ̀n yẹn sílẹ̀, kí ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti àpótí ìjókòó kan sáàárín rẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bu omi. Àwa ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí ẹni tó fẹ́ gíláàsì nínú wa yọ síta ilà, àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bó bá wá jẹ́ pé àgbàlagbà ni ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ láti wẹ̀, ibo ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ dúró sí? Kọ́tìnì ní tirẹ̀, ẹ ó kàn fà á sẹ́yìn ni, gbogbo balùwẹ̀ di ti yín.

Bí a bá sì rò ó dáadáa, kọ́tìnì bá àṣà wa tan. Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé: páànù tàbí imọ̀ ọ̀pẹ yí i ká, kò sí òrùlé, òkúta wà lábẹ́ ẹsẹ̀, omi ń ṣàn jáde lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìró tí ẹni tó ń wẹ̀ fi kọ́ sórí ògiri ni ilẹ̀kùn ibẹ̀. Bí èèyàn bá ti rí i, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé, á yà sẹ́yìn tàbí kó wúkọ́. Òkúta wọ̀nyẹn sì rí ṣákiṣàki, ẹsẹ̀ a máa rí ibi tẹ̀ lórí wọn. Àwa ọmọ tí a fi táìsì dídán rọ́pò wọn la fowó ra ìṣubú.

A kò ní tan yín pé kọ́tìnì kò ní àléébù. Èyí tó ń bíni nínú jù ni pé bí ṣáwà bá ti ń tú, ó máa ń fẹ́ wọlé wá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni, tútù nini. Ẹ má rò pé ilé tiyín nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Schmidt, ti Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà wádìí rẹ̀. Ó rí i pé omi tó ń tú láti òkè máa ń yí afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ po bí ààjà kékeré, agbára afẹ́fẹ́ láàárín ààjà náà kò sì tó ti ìta, nítorí náà kọ́tìnì a máa wọ́ wọlé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel ní 2001, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń yẹ́ ìwádìí tó kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú sí. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ra èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì tàbí ohun tó wúwo ní etí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣẹ́ etí náà po kí ẹ rán òkúta wẹ́wẹ́ mélòó kan sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ sí rárá.

Àléébù kejì ni àbàwọ́n dúdú tó ń hù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ọ̀rinrin ló ń fà á. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ má ká kọ́tìnì jọ sí igun kan. Ẹ nà án gbọọrọ kó lè gbẹ, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tú u, ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Bí àbàwọ́n náà bá lágídí, ẹ lè rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ bu jáfẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní Hypo. Ẹ sì lè lo fínígà dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ láéláé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nígbà tí jáfẹ́ẹ̀lì bá pàdé fínígà tàbí ohun mìíràn tó kan, májèlé ni fún ẹ̀dọ̀fóró, inú balùwẹ̀ tó há sì ni ẹ ó ti máa fà á símú. Ní ti irú èyí tí ẹ ó rà, kọ́tìnì tí wọ́n fi òwú pólísítà hun máa ń pẹ́ ju ti rọ́bà lọ, ó sì ṣeé fọ̀ bí aṣọ. Ti rọ́bà PVC máa ń rùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ọ̀rá. Ẹ tẹ́ ẹ síta fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Gíláàsì wá ńkọ́? Ká má purọ́, ó lẹ́wà. Kì í jẹ́ kí omi ta síta, ó ń jẹ́ kí balùwẹ̀ kékeré dà bíi pé ó fẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, ó lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ohun tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀kùn gíláàsì, kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo.

Èyí tó yẹ balùwẹ̀ ni gíláàsì tí a fi iná mú le, tí àwọn oníṣẹ́ ìlú yìí ń pè ní trempé. Wọ́n á kì í sínú ààrò títí yóò fi gbóná kọjá ìwọ̀n 600, wọ́n á wá fi atẹ́gùn mú un tutù lójijì. Iṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ kó lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún gíláàsì lásán. Bó bá sì fọ́, wẹ́wẹ́ ló ń fọ́, bí àgbàdo tí a dà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ṣe ń ṣe. Gíláàsì fèrèsé lásán ní tirẹ̀, bó bá fọ́, abẹ gígùn-gígùn ló ń dà. Ẹ wá ro ti ẹni tó wà ní ìhòòhò, tí ọṣẹ wà lójú rẹ̀, tó ṣubú lu irú gíláàsì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè dá wọn mọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Bí wọ́n bá ti mú gíláàsì le tán, kò ṣeé gé mọ́, kò sì ṣeé lu ihò sí. Ẹni tó bá dán an wò, wẹ́wẹ́ ni yóò bá a. Nítorí náà wọ́n ní láti wọn balùwẹ̀ yín, kí wọ́n gé gíláàsì náà, kí wọ́n lu ihò rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí ààrò wà. Oníṣẹ́ kan wá wọn tiwa láàárọ̀, ó ní trempé ni òun ń lò. Ó ní tí a bá lè san àsansílẹ̀, òun á gé e níbí, lójú wa, kó tó di ọ̀sán. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a dá owó wa padà sápò. Lára ojúlówó, àmì kékeré kan sábà máa ń wà ní igun tí kò ṣeé fọ̀ kúrò. Lára èyí tó bá wá láti Yúróòpù, ẹ wo bóyá ẹ ó rí EN 12150, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà tiwọn fún irú gíláàsì yìí. Kódà ojúlówó pàápàá, etí rẹ̀ ni àìlera rẹ̀. Ó lè gba ìkúùkù láàárín kó má mira, ṣùgbọ́n kí ẹ fi igun rẹ̀ gbá táìsì, ó lè túká.

Ó tún wúwo, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀ kò le. Gíláàsì tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, tí kò nípọn ju mìlímítà kan lọ, yóò wọn kìló méjì ààbọ̀. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní 70 sẹ̀ǹtímítà, tó ga ní mítà 1.90, tó sì nípọn tó mìlímítà 8, yóò lé díẹ̀ ní kìló 26. Ẹ fojú inú wo àpò ìrẹsì kìló 25 kan tó rọ̀ dirodiro lára ògiri yín, tí àwọn ọmọ ń fà á ṣí tí wọ́n ń tì í pa tọ̀sán-tòru. Bí ògiri náà bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò nínú, tí wọ́n kàn fi ìṣó kékeré há a, yóò tú lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bánkò níbí, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé ní ìlú yìí. Eruku tó bà lé gíláàsì tútù, ẹrẹ̀ ló ń dì, omi tó bá sì ní ẹfun nínú a máa fi àpá funfun sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ra gíláàsì ní láti nù ún gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀pá onírọ́bà bí èyí tí àwọn ọmọ fi ń nu gíláàsì mọ́tò lójú pópó. Ta ni yóò máa ṣe é? Nínú ilé tiwa, ẹni tó fẹ́ gíláàsì kọ́ ló ń fọ balùwẹ̀. A ti fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn lórí gíláàsì ló dun wá jù nígbà tí a rò ó: ibo ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí? Bí ó bá jẹ́ inú nìkan ló ń ṣí sí, tí ẹni tó wà nínú bá ṣubú tì í, ara rẹ̀ ni yóò dí ilẹ̀kùn náà pa. Ẹ ó máa wò ó láti ìta, ẹ kò ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìta ni kó máa ṣí sí, tàbí kó jẹ́ èyí tó ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun kan náà kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà kọ́tìnì ni ẹ ní nínú tàbí gíláàsì. Àwa lọ wo tiwa lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú ló ń ṣí sí. A ti pe káfíńtà, ó ti yí i padà.

Ilé tí gíláàsì yẹ wà. Bí ẹ bá ní táńkì omi lókè tó ń fún ṣáwà lágbára ní gbogbo ìgbà, bí àwọn tó ń wẹ̀ níbẹ̀ bá jẹ́ géńdé, tí ògiri le, tí ṣáláńgá àti ibi ìwẹ̀ jọ wà nínú yàrá kan tí ẹ kò fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù ní gbogbo ìgbà, ẹ rà á, kí ẹ sì gbádùn rẹ̀. Ẹ tún lè fi gíláàsì kan ṣoṣo tí kì í ṣí, tí wọ́n rì mọ́ ògiri, dí ibi tí omi ń ta sí, kí ẹ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lófìfo láìsí ilẹ̀kùn. Ìyẹn gba ààyè o, ṣùgbọ́n àgbàlagbà lè gbà á kọjá láìkọsẹ̀.

Nílé tiwa, kọ́tìnì ló borí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ọ̀pá onísípíríǹgì mọ́. Apá tó pọ̀ jù nínú owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún gíláàsì, ilẹ̀ àti ògiri la ná an sí. Bíríkìlà hú táìsì dídán kúrò, ó lẹ èyí tó rí ṣákiṣàki, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ rọra dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò omi, sẹ̀ǹtímítà méjì sí mítà kan, kí omi má bàa dúró. Ó mọ ògiri kúkurú kan tó ga tó mítà kan láti dí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì fi símẹ́ńtì ṣe ìjókòó sí igun. Wẹ́dà bá wa ṣe irin ìdìmú méjì. Nítorí pé búlọ́ọ̀kù oníhò ni ògiri wa, ó gbé bóòtù gba inú ògiri kọjá, ó fi irin pẹlẹbẹ gbá a mú lẹ́yìn. Bàbá ilé fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn láti dán an wò, kò mira. A fi ọ̀dà yẹ́lò kun ún kí ojú Màmá lè máa rí i lára táìsì funfun. Kọ́tìnì ń bẹ lórí irin tí a fi ìṣó onílọ̀ kàn mọ́ òkè àjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dì í mú.

Àǹfààní kan wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Màmá ti padà sí wíwẹ̀ fúnra rẹ̀, lórí ìjókòó símẹ́ńtì náà, ọ̀kan nínú wa á sì jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì tí á máa bá a tàkúrọ̀sọ. Ó ń gbọ́ wa, a ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ń wo ìhòòhò rẹ̀. Bó bá fẹ́ kànìnkàn, á na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Ìró rẹ̀ sì wà lórí ògiri kúkurú náà, ibi tó ti ń fi í kọ́ láti ọjọ́ kìíní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ẹni tó fẹ́ gíláàsì nínú wa ṣì fẹ́ ẹ. Bébà tí a kọ ìwọ̀n balùwẹ̀ àlejò sí wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé owó iná. A ti jọ gbà pé a ó tún yọ ọ́ wò lọ́jọ́ tí a bá gbé táńkì omi sórí ilé, kó tó di oṣù kẹta tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.